Òkun Tó Pupa ní Collioure

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ikùn ẹja ló wà lọ́wọ́ Narcisse Parès nígbà tí mo bá a lẹ́nu ọ̀nà Baba Coumes. Ó ti fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà títí pákó rẹ̀ fi sán. Àwọn apẹja kún ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó ní kó má ṣe é.

"Jáde síta, arúgbó burúkú! Ìwọ lo sun ún! Jáde wá sun èmi náà!"

"Narcisse, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀," ni mo wí.

"Baptistin, yàgò fún mi. Mi ò bá ọ jà."

"Bí o bá ti kọjá lára mi, o ti bá mi jà nìyẹn. Aṣọ ìjọba ni mo wọ̀ yìí, kì í ṣe aṣọ ìsùn."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló gbà wá. Apá Narcisse rọ̀ díẹ̀, mo sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Èmi ni ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ Collioure, ìlú apẹja wa létí òkun ilẹ̀ Faransé, nígbà náà, èmi Baptistin Roig. Ohun tó fa ìbínú Narcisse kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ní kùtùkùtù ọjọ́ náà ni àwọn tó ń sá àwọ̀n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì rí iná tó ń rú èéfín láàárín òkúta etí òkun. Férémù àwòrán ló ń jó níbẹ̀. Ni wọ́n bá sáré pe Séverine, àbúrò Narcisse, ayàwòrán. Séverine wo iná, ó yíjú padà, ó sáré lọ sílé. Àwòrán rẹ̀ tó tóbi jù ti wà nínú àpò láti ìrọ̀lẹ́ Sunday, ó gbé e ti ògiri, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Ó tú àpò náà. Pákó ilẹ̀kùn tó ti gbó ló bá nínú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí àwòrán náà wọkọ̀ lọ sí Paris, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n máa ń ṣe nígbà ìwọ́wé. Wọ́n ti gbà á wọlé. Ọmọ Collioure kankan kò tíì dé irú ibẹ̀ rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Baba Coumes ni wọ́n dì mọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Lọ́jọ́ Sunday, Séverine gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri ilé ọtí Ìyá Eulalie kí gbogbo ìlú lè rí i kó tó lọ. Òkun inú rẹ̀ pupa fòò. Òkè inú rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Igi ólífì ń jó bí iná. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé, "Séverine, ṣé Mósè ló fẹ́ gba ibí kọjá ni?" Ṣùgbọ́n Anselme Coumes, tó ti ń ya àwòrán láti ìgbà tí bàbá mi ti ń rákòrò, tí àwòrán rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn ìlú ní Perpignan, ìlú ńlá tó sún mọ́ wa, dìde, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i: "Bí ẹnìkan ò bá sun nǹkan yìí, èmi á sun ún!" Gbogbo etí ló gbọ́.

Mo ti tẹ wáyà sí Perpignan. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ló gbé Ọ̀gá Théodule Carrère dé.

Bí ẹ bá ń retí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó rí gàgàrà, tí ojú rẹ̀ mú bí ti àwòdì, Carrère kọ́ nìyẹn. Èèyàn kúkúrú, abikùn, tó kó èso ólífì oníyọ̀ sínú àpò ẹ̀wù, tó ń jẹ ẹ́ bí ọmọdé ṣe ń jẹ súìtì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ eérú náà, ó fi igi tú u. Àjókù aṣọ àwòrán kan bọ́ jáde lábẹ́ iyanrìn tútù tí iná kò ráyè dé.

"Roig, àwọ̀ wo nìyí?"

"Ọ̀gá, pupa ni. Pupa fòò."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣeré.

"Ojú mi kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé," ló wí, bí ẹni tó ń sọ pé ebi ń pa òun. "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Tòmátì àti ewé rẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú mi. Ìwọ ni ojú mi lónìí."

A ní kí wọ́n rán ẹni tó máa wá àwòrán aláwọ̀ sí wa, wọ́n rán ẹni tí kò mọ àwọ̀!

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló pupa?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀."

Ó fi ìka pa á. "Ó sì tẹ́jú, ó dán bí ara ìlẹ̀kẹ̀," ló wí, ó fi í sínú ìwé pélébé kan, ó gbé e sápò, lápá ibi tí ólífì kò sí.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó dé àkẹtẹ̀ funfun ń tu Séverine nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Evrard Lestoquoy ni, ará Paris, ẹni tó ń ra àwòrán tó ń tún un tà. Ó ti wọ̀ sí ilé Ìyá Eulalie láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó ń ra àwòrán màlúù àti ti igi lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tó ń kọjá.

"Ó dùn mí wọ eegun," ló sọ fún Carrère. "Mo ti sọ fún un pé Paris á fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó má wulẹ̀ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dáná sun ún! Ìwà ẹranko ni. Ẹ bá mi mú arúgbó yẹn kí n tó lọ. Ọkọ̀ ọ̀sán ni mò ń wọ̀."

"Ẹ kú ìbánikẹ́dùn," ni Carrère wí. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi lọ, kó tó jókòó ti Séverine.

"Arábìnrin, ẹ sọ bí àwòrán yín ṣe rí fún mi."

Ojú Séverine ti wú. "Ẹ̀yin náà á ní orí mi dàrú ni."

"Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀, kò sì pa yín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó nu imú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Narcisse. Nínú oṣù kẹta, ìjì àríwá tí a ń pè ní tramontane gbé ọkọ̀ wọn lọ sáàárín agbami. A wá wọn títí, a ò rí wọn. Àwọn obìnrin ti ń wọ dúdú. Èmi jókòó sórí odi, mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo rí aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, Ọ̀gá, kì í ṣe pé oòrùn ń wọ̀. Mo sì fi ojú mi méjèèjì rí i pé òkun pupa. Ẹ̀jẹ̀ ń sáré lára mi, òkun náà ń sáré pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá fi àwọ̀ aró kun òkun ọjọ́ yẹn, irọ́ ni mo pa."

Ó kọjú sí òkun. "Mi ò lè ya òmíràn. Ọjọ́ yẹn kò ní padà wá mọ́."

Carrère kò rẹ́rìn-ín. "Pupa yẹn, báwo lẹ ṣe ń kùn ún?"

"Bó ṣe ń ti inú túùbù jáde, mi ò pò ó mọ́ nǹkan kan. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó nípọn, kó ga bí ìgbì. Ṣùgbọ́n pupa kì í ké lóun nìkan. Àfi kí ẹ fi àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa ta kò ara wọn. Bí ẹ bá fi pupa sílẹ̀ lóun nìkan, á sùn lọ."

"Ṣé kò wá sí ibi tí pupa nìkan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin yìí?" Ó fa ọwọ́ mi síwájú rẹ̀.

"Àtẹ́lẹwọ́ kẹ̀? Kò sí ibi tó fẹ̀ tó èékánná rẹ̀."

Carrère tu kóró ólífì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó na ọwọ́ fà á sókè.

"Ẹ má sunkún mọ́. Àwòrán yín kò jóná. Ẹnìkan ló fẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀."

*

Baba Coumes fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó dúró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Ojú mi sì lọ síbi èékánná rẹ̀. Mo fi ìgúnpá gún Carrère, mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí: "Ọ̀gá, pupa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀."

Inú mi dùn. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí.

"Baba," ni Carrère wí, "ọlọ́pàá yìí ní ọwọ́ yín pupa."

"Ayàwòrán ni mí. Kí lẹ fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi, ìyẹ̀fun?"

"Àwòrán yín mélòó ni pupa wà nínú rẹ̀? Èyí tó wà ní Perpignan, wọ́n ní bí ọbẹ̀ tó jóná ló rí."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yíjú, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn.

Aṣọ àwòrán kéékèèké ló wà níbẹ̀, wọ́n dojú wọn kọ ògiri. Ó yí wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi pupa. Òrùlé àwọ̀ ọsàn. Ojú ọ̀run tó rí bí ìyeyè tó pọ́n. Kò sí èyí tó dára nínú wọn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Wọ́n dà bí ẹni tó ń kọ́ èdè àjèjì lọ́jọ́ ogbó.

"Ẹ wò mí," ló wí. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ya òkè bí àwọn olùkọ́ mi ṣe ní kí n yà á. Mo wá rí òkun ọmọbìnrin yẹn. Sunday tí mo pariwo yẹn, mo ti lọ yọjú wò ó lójú fèrèsé rẹ̀ láìmọye ìgbà ṣáájú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó jóòótọ́. Mo ń gbìyànjú pupa rẹ̀. Kò jẹ́ fún mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, mo kun gbogbo rẹ̀ ní pupa, ó kàn sùn sílẹ̀ ni. Mo jù ú sórí ààtàn lẹ́yìnkùlé."

Carrère mú àjókù inú àpò rẹ̀ jáde. "Bí irú èyí?"

Baba Coumes tẹjú mọ́ ọn. Ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀. "Irú èyí kọ́. Òun gan-an ni. Férémù ńkọ́? Ṣé etí rẹ̀ kan sán?"

"Ó sán," ni mo wí.

"Tèmi ni. Ta ló gbé e níbẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ kí Narcisse pa yín," ni Carrère dá a lóhùn. "Ẹ gbé fìlà yín, Baba. Ẹ máa bá wa bọ̀. Bí a bá fi yín sílẹ̀ níhìn-ín, a ó bá òkú yín."

*

Ilé Ìyá Eulalie la gbà lọ, nítorí Carrère ní òun kì í ronú lórí òfo ikùn. Búrẹ́dì, ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀ àti ọtí Banyuls ló wà níwájú wa. Ìyá Eulalie, opó tó ni ilé ọtí náà, kò fẹ́ fi ife fún Baba Coumes.

"Èmi ò fún apànìyàn lọ́tí."

"Ta ni mo pa?" ni Baba Coumes béèrè.

"Ẹ pa òkun wa! Ọ̀sẹ̀ burúkú rèé o. Wọ́n sun àwòrán, ológbò mi náà sì ń bì káàkiri."

"Kí ló jẹ?" ni Carrère bi í, ẹnu rẹ̀ kún.

"Pupa inú ẹyin. Àwo kan gbáko! Mo bá a lẹ́yìnkùlé, wọ́n dà á nù. Ará Paris yẹn ló ra ẹyin lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Tuesday. Èmi ní, 'Ọ̀gbẹ́ni, ṣebí ẹ ní ẹyin máa ń dà yín nínú rú?' Ó ní ọ̀fun ló ń dun òun. Funfun rẹ̀ nìkan ló lò. Ẹ bá mi bi í, ta ní ń da pupa ẹyin nù nínú ayé tó le yìí?"

Carrère dẹ́kun ìjẹun. N ò tíì rí i kó dẹ́kun ìjẹun láti òwúrọ̀.

"Baba Coumes, kí ni ayàwòrán ń fi funfun ẹyin ṣe?"

"Tiwa àtijọ́ ni. Bí a bá fẹ́ dáàbò bo àwòrán fúngbà díẹ̀, a ó po funfun ẹyin, a ó fi kùn ún lójú. Bó bá gbẹ, á dán. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́, òun àti ohun tí a bá kùn lé e, omi lásán ni a ó fi…"

Ojú rẹ̀ là.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni Carrère wí, ó ti dìde, "ẹ bá mi gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti kànrìnkàn. Roig, lọ pe Séverine. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Rélùwéè!"

*

Gbogbo Collioure ló tẹ̀lé wa. Èèyàn kan rí wa tí a ń sáré pẹ̀lú garawa omi, ó rò pé iná tún ti sọ, ó pe ẹlòmíràn.

Lestoquoy wà lórí pèpéle, ó ń darí àwọn alágbàṣe tó ń gbé ẹrù rẹ̀. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà nínú àpò, ó di èyí tó tóbi jù mú fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Lestoquoy, ẹ jẹ́ kí n wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

"Ọkọ̀ ń bọ̀, Ọ̀gá. Ẹ fẹ́ kó fi mí sílẹ̀ ni?"

"Ọkọ̀ á dúró dè wá."

Ọ̀gá ibùdó fi ìka fa irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo èrò tó dé, ó ní, "Á dúró."

Ọkùnrin náà tú àpò náà wàrà, bí ẹni tí kò ní nǹkan tó ń pa mọ́. Màlúù mẹ́ta ni, wọ́n ń mumi létí odò. Àwọ̀ ẹrẹ̀ lókè, àwọ̀ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Narcisse tutọ́ sílẹ̀.

"Èyí lẹ sá wá wò? Màlúù tí ara rẹ̀ ò yá?"

Carrère yí àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí oòrùn gba orí rẹ̀ kọjá. Ó dijú, ó fi ìka rìn lórí rẹ̀ bí afọ́jú.

"Omi odò yìí dákẹ́ rọ́rọ́," ló wí. "Kí ló dé tí abẹ́ rẹ̀ fi ń ru? Ìgbì ni ìka mi ń bá pàdé. Ìgbì tó ga, tó nípọn, tó gba inú ikùn màlúù kọjá lọ síbi igi. Ẹ̀yin èèyàn, ojú yín mọ àwọ̀, àwọ̀ ló sì tàn yín. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ nìkan ni mò ń rí."

"Ìsọkúsọ!" ni Lestoquoy kígbe. "Ayàwòrán tálákà máa ń ya tuntun lé orí ògbólógbòó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ bi arúgbó yìí!"

"Òótọ́ ni," ni Baba Coumes wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀dà olóróró ni wọ́n fi ń yà á. Omi kì í mú un."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Carrère wí. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kò ní pa màlúù yín lára."

"Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Ohun ìní mi ni! Màá pè yín lẹ́jọ́!"

Àwọ̀ àkẹtẹ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ojú rẹ̀ ti di ọ̀kan náà.

Carrère fi kànrìnkàn lé Séverine lọ́wọ́. Séverine wò ó. "Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

"Ẹ nù ún, arábìnrin."

Ó rẹ kànrìnkàn sínú omi. Ó gbé e lé orí màlúù àkọ́kọ́, ó nù ún jẹ́jẹ́. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀. Orí màlúù lọ. Ọrùn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀, nǹkan kan kọ yẹ̀rì bí ẹyín iná tí wọ́n fẹ́ eérú kúrò lórí rẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pupa mìíràn.

Àwọn èrò sún mọ́ ọn.

Séverine kígbe, ó gbé kànrìnkàn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó nù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Odò lọ, òkun dé. Igi tó rẹ̀ lọ, ólífì oníná dé. Òkè elésè àlùkò dìde lẹ́yìn wọn. Ní àárín, aṣọ ìgbòkun kékeré kan yọ, ó funfun báláú, ó ń bọ̀ wá sílé.

"Ọkọ̀ mi nìyẹn!" Narcisse ké, bí ẹni tí kò rí i rí. "Ẹ̀yin èèyàn, èmi nìyẹn!"

Ariwo tó sọ lórí pèpéle yẹn, wọn á gbọ́ ọ ní Port-Vendres, ìlú tó wà nítòsí wa. Fìlà ń fò sókè. Àwọn tó fi Mósè ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Sunday ń fa ara wọn mọ́ra. Ìyá Eulalie ń na ọwọ́ sí garawa: "Ẹyin mi rèé o! Ẹyin mi ló wà nínú omi yẹn!"

Lestoquoy gbìyànjú àtisá, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ gbà? Mo ti dì í mú lọ́rùn ẹ̀wù.

"Ẹ̀yin ará oko!" ló ń pariwo. "Ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín! Olówó kan rí àwòrán yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní ohunkóhun tó bá gbà ni kí n fi rà á fún òun. Mo bẹ obìnrin yìí kó tà á, ó ní àfi bí Paris bá kọ́kọ́ rí i. Bí Paris bá rí i, kí ló kù fún mi? Àwòrán tó dára jù lọ láti bí ọdún mẹ́wàá ni, ẹ̀yin sì gbé e kọ́ sí ilé ọtí!"

"Ará Collioure," ni Carrère wí, ó mú ólífì kan jáde, "ẹ ti gbọ́. Òwúrọ̀ yìí ló ní Paris á fi arábìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwòrán tí Baba jù sórí ààtàn ló sun, ó sì ya màlúù bo èyí. Ẹnu olè fúnra rẹ̀ la ti gba ẹ̀rí."

Inú èrò tún ru sókè. Narcisse nìkan kò pariwo mọ́. Ó rìn lọ bá Baba Coumes, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í mọ́ àyà ara rẹ̀.

"Baba, mo fọ́ ilẹ̀kùn yín."

"Mo rí i."

"Mo fẹ́ fọ́ orí yín náà."

"Mo gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn ṣe é tún kàn." Arúgbó náà kò yé wo àwòrán. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó yíjú sí Séverine. "Ọmọ mi, àwọ̀ ewé yẹn ni mi ò mọ̀. Mo ti ń wá a láti ìgbà yìí, mo rò pé pupa ni."

"Ẹ wá sílé mi tí mo bá ti Paris dé," ni Séverine wí. "A ó jọ kùn ún."

Fèrè ọkọ̀ dún. Kò sí àpò tó gbẹ mọ́, àwọn obìnrin bá bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi wé àwòrán náà yíká. Narcisse gbá igun kan mú.

"Baba, ẹ bá mi gbé igun kejì."

Baba Coumes ju ọ̀pá rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Apẹja àti arúgbó jọ gbé e la àárín èrò kọjá. Séverine ń rìn níwájú bí ẹni tó ń lọ sí ìgbéyàwó, àwọn èèyàn sì ń yà fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó ń gba ẹrù nawọ́ sí wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó fura sí ìborùn tútù náà.

"Omi ń kán lára ẹrù yín. Kí lẹ gbé?"

"Òkun ni," ni Narcisse dá a lóhùn. "Gbé e jẹ́jẹ́, kó má dà sí ọ lára."